Ìgbà Tí Bàbá Àgbà Lọ Wádìí Ilé Ìwé Bí Ẹni Ń Wádìí Àna

Igun yàrá tí ìyá mi ń gbé agolo kárósíìnì tí ó ń tà sí ni àpótí aṣọ mi wà, ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù mẹ́ta tí mo kó pamọ́ sínú rẹ̀ lọ́dún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún fi ń rùn kárósíìnì. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn náà, ilé ìwé gíga ló máa ń mú wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe àtùpà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tó kù lára àwọn tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì ní kíláàsì wa, bí mi ò bá ṣe ipò kìíní, ìkejì ni n ó ṣe, mo sì ti pinnu pé mi ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí n ó lọ. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀. Apá ti ọmọdé nìkan ni mo máa ń rántí nínú òwe náà.

Ìlobùú ni agbo ilé bàbá mi wà, Ìfọ́n ni wọ́n ti bí ìyá mi, Ìfọ́n náà sì ni ilé ìwé girama tí mo ń lọ wà. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín láràárọ̀, àwa ọmọ Ìlobùú bíi mẹ́jọ, bàtà wa á wà lọ́wọ́ kí ìrì má baà bà á jẹ́. Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún títì láìpẹ́ sígbà náà, kò sì sí àárọ̀ kan tí ìyá mi kì í kìlọ̀ fún wa pé ká máa wo iwájú, ká máa wo ẹ̀yìn. Gbogbo ẹni tó mọ agbègbè wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì tipẹ́. Àwa tí a ní bàbá níhìn-ín tí a ní ìyá lọ́hùn-ún máa ń gbọ́ ọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a ó sì dákẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Orí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo ti mọ ẹnu mi í pa mọ́ láyé ìgbà náà.

Nínú fọ́ọ̀mù mẹ́ta náà, ọ̀kan jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ìkejì jẹ́ ti ilé ìwé kan ní Iléṣà tí èèyàn ti lè ka ọdún méjì sí i kó tó wọ yunifásítì, ìkẹta sì jẹ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan lọ́nà Oǹdó. Bàbá mi fẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí pé aṣọ funfun wọn wù ú. Olùkọ́ kíláàsì wa fẹ́ Iléṣà. Èmi, ti ọ̀nà Oǹdó ni mo fẹ́, torí pé ibẹ̀ nìkan, nínú gbogbo ibi tí mo gbọ́, ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin láti di olùkọ́ bàọ́lọ́jì. Ní kíláàsì kẹrin ni olùkọ́ kan la inú ọ̀pọ̀lọ́ lójú wa, tí mo rí ọkàn rẹ̀ tó ṣì ń lù kìkì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sá jáde lọ bì. Èmi sún mọ́ tábìlì. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ohun tí n ó máa fi han ọmọ ọlọ́mọ títí n ó fi darúgbó nìyẹn, mi ò sì ṣiyèméjì nípa rẹ̀ rí.

Ohun kan ṣoṣo ló dínà. Fọ́ọ̀mù ti ọ̀nà Oǹdó ní ìbéèrè kan tí àwọn méjì yòókù kò ní: ǹjẹ́ wọ́n ti lé ọ nílé ìwé rí, ìbáà ṣe fún ìgbà díẹ̀? Wọ́n ti lé mi rí. Ìdílé olórìṣà ni wá, odò là ń bọ nílé wa. Olùkọ́ kan tó kọ́ wa ní Bíbélì lọ́dún tó ṣáájú kì í sì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má fi ilé wa ṣe àpẹẹrẹ ibi tí òkùnkùn wà. Lọ́jọ́ kan mo dìde, mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, bàbá tó bí bàbá yín ńkọ́, inú ṣọ́ọ̀ṣì wo ni wọ́n bí wọn sí?" Kíláàsì hó yèè. Wọ́n lé mi lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì pé mo tàbùkù olùkọ́, oko iṣu bàbá mi ni mo sì ti lo ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Ẹyin lohùn lóòótọ́, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n ká má purọ́, ẹyin ọjọ́ náà dùn ún fọ́.

Nígbà tí mo dé ibi ìbéèrè yìí, mo gbé bírò sókè fún ìgbà díẹ̀. Mo rò ó pé ẹni tí wọ́n lé tí wọ́n tún gbà padà, ṣé a lè ní wọ́n lé e? Mo tún rò ó pé Oǹdó jìnnà sí Ìfọ́n, ta ni yóò gbé ọ̀rọ̀ débẹ̀? Mo kọ "Rárá" gàdàgbà. Mo fi fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, mo sì ń súfèé bọ̀ wá sílé.

Mi ò mọ̀ pé bàbá mi ní ètò tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó ní kí n lọ pe ẹ̀gbọ́n òun wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ni agbo ilé wa fi ń ṣe ìwádìí bí ọmọ ilé bá fẹ́ gbéyàwó tàbí bí ẹnìkan bá wá tọrọ ọmọ wa. Bó bá ti lọ tó bọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Òun ló lọ wádìí ìdílé ìyá mi ní Ìfọ́n, nígbà tí àwọn kan ń sọ pé ẹni tí a jọ ń fa ilẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń bá dána. Ó padà dé, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀tọ̀. Ọmọ náà dáa." Bí wọ́n ṣe gbé ìyá mi wálé nìyẹn.

Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé ìwé mẹ́ta ni ọmọ yìí ń wò. Mi ò mọ̀wé, mi ò sì mọ ọ̀kankan nínú wọn. Àbí ká kàn fa ọmọ wa lé ẹni tí a ò mọ̀ lọ́wọ́?"

"A kì í ṣe bẹ́ẹ̀," Bàbá Àgbà dáhùn. "N ó lọ wò wọ́n."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo ní, "Bàbá, ilé ìwé ni o, kì í ṣe ilé ọkọ. Wọ́n ti tẹ ìwé jáde tó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀."

"Ta ló kọ ìwé náà?"

"Àwọn náà ni, bàbá."

"Ìyàwó tó ń ròyìn ara rẹ̀ fún ọkọ, ta ní í gbà á gbọ́?" Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì kó àwo oúnjẹ kúrò nílẹ̀.

Bàbá Àgbà ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Kì í wọ ilé àna tààrà. Ẹ̀bá ọ̀nà ni yóò ti kọ́kọ́ jókòó, tí yóò máa wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Yóò wá ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ilé náà, yóò jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, nítorí ó máa ń wí pé bí ọ̀tá ẹni bá lè rí ohun rere sọ nípa ẹni, ó tó. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù lójú rẹ̀ ni pé kó tó kúrò, yóò sọ àléébù tiwa fún wọn. Kò sí ẹni tí yóò bi í. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ní, ọmọ wa yìí, ohun báyìí báyìí ló ń ṣe é o, ẹ má wí lọ́la pé a ò sọ. Ó gbà pé ìyàwó tí a bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó délé ọkọ, ọjọ́ tí wọ́n bá rí i ni wọn yóò dá a padà. Mo mọ gbogbo èyí láti kékeré. Bí ẹ bá bi mí léèrè ìdí tí kò fi sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tó gbéra, ẹ̀rín tí mò ń rín lọ́wọ́ ni kò jẹ́.

Ó lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ọ̀ràn náà, torí ọjọ́ tí iṣẹ́ oko bá dẹ̀ ló máa ń lọ. Yóò wọ agbádá etù rẹ̀, yóò lọ wọkọ̀ ní Òṣogbo. Ìbàdàn ló kọ́kọ́ lọ, kò sì pẹ́ níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní kó dìde lórí òkúta tó jókòó lé. "Ibi tí àgbà ò ti rí ibi jókòó, ọmọdé ò lè rí ibi dùbúlẹ̀," ló wí nígbà tó dé, bí ti Ìbàdàn ṣe parí nìyẹn. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé ẹni tó ń ṣọ́ géètì kọ́ ló ń kọ́ni níṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní òun ò béèrè ìyẹn. Iléṣà wù ú díẹ̀, àwọn tó ń se oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún un ní ẹ̀bà jẹ. Ṣùgbọ́n ó bi ọmọ mẹ́rin léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ dà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àwọn kò tíì mọ̀. "Ọmọ tiwa ti mọ tirẹ̀," ló sọ fún bàbá mi. "Kí ló fẹ́ lọ máa bá ẹni tí kò mọ̀ kiri fún?" Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ ṣíwọ́ ẹ̀rín, torí mi ò mọ̀ pé ó ń wò mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ló dé láti ọ̀nà Oǹdó. Ó mu omi, ó bọ́ fìlà, ó sì ròyìn fún bàbá mi àti ìyá mi, èmi náà ń gbálẹ̀ ibi tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀ kí n lè gbọ́. Ó ní ẹni tó ń ṣọ́ géètì ibẹ̀ gbé bẹ́ńṣì fún òun láìtọrọ. Ó ní òun rí awakọ̀ kan tí wọ́n ti lé lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì ọ̀nà. Òun ní kó bú wọn dáadáa, ọkùnrin náà sì bú wọn bú wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó máa parí, ó ní obìnrin tó jẹ́ pírínsípà wọn kì í rẹ́ni jẹ. Nígbà tí oòrùn yẹ̀, pírínsípà náà fúnra rẹ̀ jáde, ó ní àwọn ti ń rí bàbá yìí láti àárọ̀, ṣé kò sí? Ó mú un wọ ọ́fíìsì, ó fún un lómi, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ pẹ́.

"Obìnrin tó le ni," Bàbá Àgbà wí, "ṣùgbọ́n ó ń wo ojú ẹni bó bá ń sọ̀rọ̀. Ilé nìyẹn. Bí wọ́n bá gbà á, ibẹ̀ ni kó lọ."

Inú mi dùn débi pé mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun bàbá, ẹ kú ìrìn, ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí ìyá mi fi béèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ sọ tiwa náà fún wọn?"

"Háà, mo sọ ọ́. Mo ní ọmọ wa kì í gbọ́ ìpè bó bá ń kàwé, ọbẹ̀ tó ti jó mọ́ ọn lọ́wọ́ kúrò ní kékeré. Mo ní ó lè jiyàn. Mo ní ẹnu rẹ̀ mú débi pé wọ́n lé e nílé ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún tó kọjá."

Ìyá mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá mi náà ní ó dáa. Èmi tún mú ìgbálẹ̀ mi. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi ò tíì lọ tó oṣù méjì tí Bàbá Àgbà fi wọkọ̀ Òṣogbo bá a. Kò sí ẹni tí mo lè sọ fún, torí bí mo bá sọ pé ó ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́, wọn yóò béèrè bí òótọ́ ṣe ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Mo bínú sí i gidigidi. Arúgbó tó jókòó sórí bẹ́ńṣì látàárọ̀ nítorí mi ni mò ń bínú sí, kìkì nítorí pé ó sọ òótọ́ níbi tí mo ti purọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo fi ń gba ẹ̀yìnkùlé kí n má baà kọjá níwájú yàrá rẹ̀, mo sì jókòó ṣèdánwò àṣekágbá pẹ̀lú ìdánilójú pé ilé ìwé kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àfi bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èmi nìkan ni mo lọ. Nínú ọkọ̀, mo to àlàyé kan jọ: pé àti lé èèyàn yàtọ̀ sí àti fi ìyà jẹ ẹ́, pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo lò nílé kò ju ìjìyà lọ. Mo tò ó títí ó fi gún régé. Nígbà tí mo wọlé, pírínsípà jókòó láàárín ọkùnrin méjì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í yára rẹ́rìn-ín ni. Gẹ̀ẹ́sì la fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi mí nípa ewé, wọ́n bi mí nípa ẹ̀jẹ̀, mo dáhùn bí omi tó ń ṣàn. Lẹ́yìn náà ló fa fọ́ọ̀mù mi jáde, ó fi ìka lé ibi tí mo kọ "Rárá" sí, ó sì bọ́ sí Yorùbá.

"Bàbá kan wá síbí láti ilé yín. Wọ́n ní wọ́n ti lé ọ rí. Ìwọ ní wọn ò lé ọ rí. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo la ẹnu láti gbé àlàyé mi kalẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá yé mi pé bí mo bá gbé e kalẹ̀, Bàbá Àgbà ni mo ń pè ní onírọ́, lójú àlejò, òun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń parí ọ̀rọ̀ ní agbo ilé wa. Ojú tì mí ju bí ojú ti ń ti èèyàn lọ. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ gba bàbá gbọ́, mà. Èmi ni mo purọ́."

Ó ní, "Kí lo sọ fún olùkọ́ náà tí wọ́n fi lé ọ?" Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fi ìwé bo ẹnu. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Bí olùkọ́ bá tún sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ lónìí ńkọ́?"

"N ó tún bi wọ́n léèrè, mà. Ṣùgbọ́n n ó kúnlẹ̀ kí n tó bi wọ́n."

Ó ti fọ́ọ̀mù náà sí mi pẹ̀lú bírò. "Tún un kọ." Mo fagi lé "Rárá", mo kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" sókè rẹ̀, mo buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n máa lọ sílé, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sunkún díẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi fúyẹ́. Lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan lẹ́tà dé pé wọ́n gbà mí. Mo gbé e lọ fún Bàbá Àgbà, mo kà á fún un. Ó ní, "Ó dáa. Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ọdún mẹ́ta ni mo lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, n kò sì kábàámọ̀ ọjọ́ kan níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò ni mo lọ dágbére fún pírínsípà, tó sì sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún mi. Ó ní ọjọ́ tí bàbá wa wá, lójú ẹsẹ̀ lòun ti yọ fọ́ọ̀mù mi jáde, tí òun sì ka irọ́ mi sí i létí. Ó ní òun sọ fún un pé òun kò lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bàbá náà wá ní, "Ẹ má tíì lé e. Ẹ pè é, kí ẹ bi í lójúkojú. Bó bá tún purọ́, ẹ dá a padà fún wa, a jẹ́ pé àwa la ò tíì kọ́ ọ tán."

Mi ò rántí bí mo ṣe dé Ìlobùú lọ́jọ́ náà. Oko ni mo bá Bàbá Àgbà, ó ń to iṣu. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ láti ọjọ́ yẹn pé mo purọ́, ẹ ò sì sọ fún mi. Ká ní mo tún purọ́ ńkọ́?"

Ó to iṣu kan, ó to ìkejì kó tó wojú mi. "Bí mo bá sọ fún ọ, ẹ̀rù mi ni ì bá mú ọ sọ òótọ́. A jẹ́ pé èmi ni wọ́n gbà wọlé nìyẹn, kì í ṣe ìwọ."

Ó ti pẹ́ tí Bàbá Àgbà ti lọ. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀pọ̀ ohun tí mo kọ́ lọ́nà Oǹdó ni mo sì ti gbàgbé. Nígbà mìíràn, bí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa ń ro ohun tó gbé sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì yẹn: orúkọ rẹ̀, àti orúkọ agbo ilé wa. Ẹnu ọmọ tí òun mọ̀ pé ó ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan ló gbé e lé, ó wọ agbádá rẹ̀, ó wọkọ̀ padà sílé, kò sì bi mí ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbẹ́kẹ̀ lé mi lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n rere mi nìkan ni wọ́n mọ̀. Òun mọ irọ́ mi, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé mi bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo wọlé.